Ènì Orí Ẹgbàá Ebè

Tómi, bá mi gbé àga yẹn súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, kí n lè máa rí ojú yín. Ẹ̀yin yòókù, ẹ jókòó sórí ẹní. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ̀rín ló ń pa mí. Láti àárọ̀ ni Tómi yìí ti ń fapá jánú nítorí fíláàṣì kan tí kò tó àtàǹpàkò mi. Ó rà á ní Òkìtìpupa, wọ́n kọ gíìgì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sí i lára. Ó délé, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni òun rí. Ó fẹ́ gun ọ̀kadà padà lọ bá ẹni tó tà á jà. Mo ní kó jókòó. Irú ìjà yẹn, mo ti jà á rí, nígbà tí a kò tíì bí bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi.

Mo ní kó kọ́kọ́ tú gíìgì yẹn palẹ̀ fún mi wẹ́wẹ́. Ó ní èyí tó kéré jù ni báìtì, kò ju lẹ́tà ábídí kan lọ. Ẹgbẹ̀rún báìtì ni kílò, ìyẹn á tó ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè kọ sí ìdajì ojú ìwé. Ẹgbẹ̀rún kílò ni mẹ́gà, àwòrán kan tí ẹ bá sì fi fóònù yà á jẹ bíi mẹ́gà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́gà ni gíìgì. Ó ní òmíràn ṣì wà lókè tí wọ́n ń pè ní tẹ́rà, ẹgbẹ̀rún gíìgì, pé àpò òun kò ká ìyẹn. Mo ní gbogbo rẹ̀ yé mi, ibo wá ni gíìgì márùn-ún gbà lọ? Ló bá tún fojú sí fóònù rẹ̀, ó kà á títí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó ṣe fíláàṣì kò purọ́. Ẹgbẹ̀rún lásán ló ń kà. Kọ̀ǹpútà ló ní ẹgbẹ̀rún tirẹ̀ lọ́tọ̀, mẹ́rìnlélógún máa ń wà lórí rẹ̀. Láti báìtì dé kílò, láti kílò dé mẹ́gà, láti mẹ́gà dé gíìgì, gbogbo ibi tó bá dé ló ti ń gbà á."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ènì ni kọ̀ǹpútà ń gbà, ẹ̀yin ọmọ. Bàbá Alágogo ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ bí ayé ṣe rí. Yorùbá ilé ìwé ni mò ń bá yín sọ, nítorí ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Èkó. Bí mo bá ní kí n máa sọ Ìkálẹ̀ wa gidi, ìdajì yín á máa wò mí bí ẹni pé èdè àwọn ará Ìjọ̀ ni mo gbé wá. Ní Ìjù-Odò nígbà náà, etí la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ ò ní í gbọ́ jẹnẹrétọ̀, kò sì sí ọ̀kadà. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ìgbálẹ̀ ní àgbàlá, lẹ́yìn náà agogo ìjọ, lẹ́yìn náà ọkọ́. Ọkọ́ ní ohùn tirẹ̀. Bí ó bá wọ ilẹ̀ dáadáa, gbì ló ń dún. Bí ó bá kan gbòǹgbò, ó máa ń fọhùn padà. Mo lè dúró lójú ọ̀nà kí n mọ ẹni tó wà lóko láìrí i. Bàbá mi máa ń kọ ebè mẹ́ta, á sinmi díẹ̀, á tún kọ mẹ́ta. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ tí nǹkan dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó dákẹ́, ọkàn mi á lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Òórùn náà wà. Òórùn púpurú lórí àjà iná, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n fún, tí wọ́n ṣù, tí èéfín ń gbẹ ẹ́ títí ara rẹ̀ á fi dúdú. Àwọn obìnrin á fi ọ̀bẹ ha dúdú yẹn kúrò kí wọ́n tó gún un. Àwọn Ìlàjẹ máa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹja gbígbẹ wá, ẹ ó ti máa gbọ́ ẹ̀rín wọn kí ẹ tó rí wọn. Ẹ̀yin ń ra púpurú nínú ọ̀rá báyìí, ó funfun nini, kò ní òórùn kankan. Ẹ ń jẹ ẹ́, mo ń wò yín, àánú yín a máa ṣe mí díẹ̀.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni ìṣirò. Ẹnu la fi ń ka nǹkan, ẹnu wa sì mọ ọ̀nà. Ogún mẹ́wàá ni igba. Igba mẹ́wàá ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹ wò ó dáadáa, kò yàtọ̀ sí ti kílò àti mẹ́gà tí Tómi ń kà yẹn. Ebè mélòó lẹ kọ? Àgbẹ̀ kankan kò ní í sọ fún ọ pé ẹgbẹ̀rin ó dín mẹ́tàdínlógún. Á ní igba mẹ́rin ni, ó kù díẹ̀. Igba ebè kan ni iṣẹ́ òòjọ́ ọkùnrin tó lágbára, tí ilẹ̀ bá rọ̀. Ọ̀kẹ́ ni a kì í dé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ọ̀run ni wọ́n ti ń ka ọ̀kẹ́.

Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ogun abẹ́lé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ti ka ìwé mẹ́fà, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré lábúlé wa. Bí lẹ́tà bá ti Èkó dé, èmi ni wọ́n ń pè. Bí ìṣirò bá le, èmi ni. Pẹ́ńsù kì í kúrò létí mi, kódà tí mo bá ń lọ sóko. Mo máa ń gbéra ga, ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín. Bí àgbàlagbà bá ń ka nǹkan lọ́wọ́, mo máa ń dá sí i kó tó kà á tán.

Ọmọ́yẹni ni mo fẹ́ fẹ́. Ìyá àgbà yín nìyẹn. Ará Ìkọ̀yà ni, mo sì kọ́kọ́ rí i lọ́jọ́ ìkórè ní ìjọ wọn, ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun, tí wọn kì í wọ bàtà. Ó ru odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wọlé, ó ń kọrin, kò sì fọwọ́ dì í mú. Mo wò ó títí tí ẹni tó jókòó tì mí fi gbá mi lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bàbá Alágogo, torí òun ló ń lu agogo ìjọ náà. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo, kì í yára, kò sì sí ẹni tó rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ń wá Ọmọ́yẹni. Ìdílé kan wà ní Òkìtìpupa tí wọ́n ní lọ́rì, wọ́n fẹ́ ẹ fún ọmọ wọn. Kí ni mo ní? Kẹ̀kẹ́ kan tí ṣéènì rẹ̀ máa ń já. Ṣùgbọ́n Bàbá Alágogo kò lé mi. Ó pè mí jókòó, ó ní, "Ọma mi, mo gbọ́ pé ọwọ́ rẹ yá níbi ìwé. Jẹ́ n rí i níbi ọkọ́. Lọ kọ ẹgbàá ebè fún mi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ọmọ nìyẹn. Ẹ̀yin ń fi àwòrán ránṣẹ́ síra yín lórí fóònù, ẹ ń fi ọkàn pupa sí i. Ebè ni wọ́n fi ń mọ̀ wá.

Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ mi lọ́wẹ̀. Àwa márùn-ún la lọ, Lábọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló ṣíwájú. Lábọ̀ lágbára bí màlúù, ó sì máa ń ráhùn láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Nítorí Aládùúrà ni àna mi, omi ni wọ́n ń gbé wá fún wa lóko, kò sí ẹmu. Lábọ̀ á gbé kèrègbè sókè, á fi imú gbọ́ ọ, á ní, "Omi náà nìyí lẹ́ẹ̀kan sí i." Àmọ́ púpurú tí ìyá Ọmọ́yẹni ń gún fún wa, pẹ̀lú ẹja Ìlàjẹ tí wọ́n fi se ọbẹ̀, kò jẹ́ kó lè sá lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi kọ ọ́, ní Ọjọ́rú, ní Ọjọ́bọ̀ àti ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré mi bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá ti parí. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ẹgbàá gééré. Kò lé, kò dín. Inú mi dùn sí bí kò ṣe lé yẹn ju bí kò ṣe dín lọ.

Bàbá Alágogo dé láti wá kà á. Ó mú ìdì ọwọ̀ ọ̀pẹ kan lọ́wọ́. Bó bá ka ogún tán, á já ẹyọ ọwọ̀ kan. Bí ẹyọ ọwọ̀ bá di mẹ́wàá, á sọ èkùrọ́ kan sínú fìlà rẹ̀. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ọmọ́yẹni ti gbé omi dé, ó dúró lábẹ́ igi. Nígbà tí bàbá náà kà á dé ibi tó kẹ́yìn, ó wo inú fìlà rẹ̀.

"Igba mẹ́sàn-án," ó ní, "àti ogún kan tó ku ẹyọ kan kó pé."

Mo rò pé ó ṣì í kà. Mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ẹgbàá ni, pé igba mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

"Mo rí i pé o kọ ọ́ sílẹ̀, ọma mi. Ènì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ènì wo, Bàbá?"

Ó dúró, ó ṣàlàyé bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Lórí ogún kọ̀ọ̀kan, ẹyọ ebè kan. Lórí igba kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá. Lórí ẹgbàá, ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń kà á nínú ìdílé wọn nìyẹn, bí wọ́n ṣe kà á fún òun náà nìyẹn nígbà tóun fẹ́ ìyàwó. Kì í ṣe gbogbo Ìkálẹ̀ o, ìdílé tiwọn ni. Orí mi yára ṣe é: ogún tó wà nínú ẹgbàá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ẹyọ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rùn-ún ebè nìyẹn. Igba tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá, mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rùn-ún mìíràn. Ọgọ́rùn-ún ti orí ẹgbàá fúnra rẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ebè. Ó fẹ́ ká fi ọ̀ọ́dúnrún ebè lé e, ẹ̀yìn wa sì ti fẹ́ kán.

Tómi, ohun tó o fẹ́ lọ ṣe fún ẹni tó ta fíláàṣì ni mo ṣe fún àna mi. Mo yọ ìwé mi. Mo ṣí i sí iwájú rẹ̀, mo ń fi pẹ́ńsù tọ́ka. Mo ní, "Bàbá, nínú ìwé tí wọ́n ń lò láti ibí dé Ìbàdàn, igba ni igba. Iṣẹ́ tí ẹ bù fún mi ni mo ṣe. Mi ò ní í fi ebè kan ṣoṣo lé e." Lábọ̀ ń fà mí láṣọ lẹ́yìn, mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

Bàbá Alágogo kò pariwo. Ó da àwọn èkùrọ́ inú fìlà rẹ̀ sí àpò, ó dé e padà. "Ó dáa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni àwọn ará Òkìtìpupa ń bọ̀ wá gbọ́ èsì. Bí ẹgbàá mi bá pé kí wọ́n tó dé, mo ti ní àna. Bí kò bá pé, wọ́n á bá mi nílé."

Mo wo Ọmọ́yẹni. Ó gbé kèrègbè náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó yí padà, ó lọ. Ojú rẹ̀ kò bínú rárá. Bíi pé ó ti mọ ohun kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa mi ló ṣe rí, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí.

Lójú ọ̀nà Ìjù-Odò, Lábọ̀ kò ráhùn, ìyẹn nìkan ti tó láti jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. A rìn títí, ó wá ní, "Ìwé yẹn dára. Máa fẹ́ ẹ lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkìtìpupa, torí mo mọ̀ pé Ọmọ́yẹni máa ń gbé púpurú lọ fún àǹtí rẹ̀ níbẹ̀. Mo bá a lójú ọ̀nà, ẹrù wà lórí rẹ̀. Kò dúró. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń ṣàlàyé ìṣirò mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ta lo rò pé ó ni ènì yẹn?" ó bi mí.

"Bàbá rẹ ni."

"Bàbá mi kì í fọwọ́ kàn án. Ẹgbàá ni ti bàbá. Ènì, ọmọbìnrin tí wọ́n ń fẹ́ ló ni ín. Iṣu tí mo bá gbìn síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè bi mí ohun tí mo fi ṣe. Bàbá mi ò lè bi mí, ìwọ náà ò lè bi mí. Òun ni mo máa kó wá sílé ọkọ kí n má baà wá lọ́wọ́ òfo." Ó dúró, ó wá kọjú sí mi. "Ojú mi báyìí lánàá lo ti ní o ò ní í fi ebè kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi."

Ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

"Wọn kì í sọ ọ́ fún ọkọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè fúnni láìmọ ẹni tó ń fún. Èmi náà kò yẹ kí n sọ ọ́, bí bàbá mi bá sì gbọ́ pé mo sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wa ti tán. Ọwọ́ ọkọ nìkan ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Má pe Lábọ̀."

Ó tún ẹrù rẹ̀ ṣe lórí, ó lọ. Mo dúró síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, ojú ń tì mí dé egungun. Mo ti lo gbogbo ìwé mi láti fi bá obìnrin tí mo fẹ́ràn jà lórí oko tirẹ̀.

Mi ò padà sílé. Láti ibẹ̀ ni mo ti gba Ìkọ̀yà lọ, mo yá ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Oòrùn ti wọ ara kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì kọ ọ́ títí tí mi ò fi rí ìlà mọ́. Ogóje péré. Ọjọ́ Ìsinmi, ìdílé yẹn kì í ṣiṣẹ́, èmi náà ò lè dé oko wọn. Mo jókòó sí ìjọ tiwa, ọwọ́ mi ti lé ròrò, mi ò lè pàtẹ́wọ́ sí orin. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ti wà lóko kí agogo tó lù. Mo gbọ́ ọ nígbà tó lù, mo sì mọ ẹni tó ń lù ú. Nígbà tó di ọ̀sán, Lábọ̀ yọ. Mo ní kó má fọwọ́ kan ọkọ́. Kò béèrè ìdí. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, ó ń bu omi fún mi, ó ń ka ebè náà sókè fún mi, ó sì ń bú omi náà pé kò ní adùn.

Ó ku bíi mẹ́wàá nígbà tí a gbọ́ lọ́rì láti ojú ọ̀nà. Nígbà yẹn, lọ́rì kò pọ̀, ẹ lè gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ó sì mọ ibi tó ń lọ. Bàbá Alágogo ti jáde sóko, ọwọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kà bọ̀ lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ. Mi ò wẹ̀yìn. Wọ́n fọn fèrè lọ́rì ní iwájú ilé, bàbá náà kò yára. Mo gbé èyí tó kẹ́yìn sókè, mo dúró. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀rúkọ́ náà.

Ó wo ebè tó kẹ́yìn yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Èyí, ebè ni àbí ilé èèrà?" Ó tún wo inú fìlà rẹ̀. "Ẹgbàá ti pé."

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ?" ó bi mí.

Mo ní, "Ìwé ni mo tún wò, Bàbá."

Ó wo apá ibi tí ilé wà, níbi tí Ọmọ́yẹni ti ń gbá ojú àgbàlá tí wọ́n ti gbá láàárọ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín. Lábọ̀ wà níbẹ̀, òun náà rí i. "Ìwé yín náà ti wá mọ ènì," ó ní. Ó sì lọ bá àwọn ará Òkìtìpupa, ó fún wọn ní omi, ó bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, ó sì sìn wọ́n dé ẹnu lọ́rì wọn.

Nígbà ọdún Ìjẹṣu tó tẹ̀ lé e, iṣu orí ènì yẹn ló kọ́kọ́ wọ ilé wa. Èmi fúnra mi ni mo rù ú. Ọmọ́yẹni jẹ díẹ̀, ó tọ́jú èyí tó pọ̀ sí abà, ó gbìn ín padà, lọ́dọọdún. Páànù tó wà lórí ilé ìdáná yìí, iṣu rẹ̀ ló rà á. Mi ò bi í léèrè rí ohun tó fi èyí tó kù ṣe.

Àmọ́ kò jẹ́ kí n gbádùn. Ohunkóhun tí mo bá gbé wálé, á wò ó, á wò mí, á ní, "Ṣé ó pé? Ti ìwé ni àbí ti ilé wa?" Mo ra aṣọ wá, ti ìwé ni àbí ti ilé wa. Mo ní màá dé lọ́jọ́ mẹ́ta, ti ìwé ni àbí ti ilé wa. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ lẹ́yìn ogun, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo nǹkan padà. Ọkọ̀ tó ń gba apá òsì, wọ́n ní kó bọ́ sí apá ọ̀tún. Máìlì di kìlómítà. Àwọn àgbà ń bi mí pé ṣé Òkìtìpupa ti wá jìnnà sí i ni. Mo jókòó níwájú ilé, mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ọ̀nà kò gùn sí i, ẹni tó ń kà á ló yàtọ̀. Ọmọ́yẹni á kọjá pẹ̀lú igbá lórí, á ní, "Ẹ bi í wò, ó mọ̀ ọ́n." Gbogbo wọn kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ bó ṣe parí. Ọdún méjì sẹ́yìn, àìsàn yẹn dé bá Ọmọ́yẹni. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kò ní í lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Mi ò fẹ́ sọ fún un, ṣùgbọ́n ó wo ojú mi, ó ní kí n sọ iye rẹ̀. Mo ní oṣù mẹ́ta. Ó ní, "Ti ìwé ni àbí ti ilé wa?" Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi.

Oṣù mẹ́ta pé. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó béèrè fún púpurú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lé e. Tómi wà nílé nígbà yẹn, òun ló fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta nínú mẹ́sàn-án náà, láìsọ fún wa. Ẹ ó gbọ́ mi níbẹ̀ tí mò ń sọ fún un pé kó sinmi. Ẹ ó gbọ́ ọ tó ní, "Ti dókítà ti tán, o ti gba tìrẹ. Àwọn ọjọ́ yìí, tèmi ni. Kò sí ẹni tó lè bi mí ohun tí mo fi ṣe. Jókòó síbí." Mo jókòó. Mi ò dìde níbẹ̀ títí ó fi pé mẹ́sàn-án.

Ohùn yẹn ni ọmọ yìí fẹ́ kó kúrò nínú fóònù rẹ̀ kí ó má baà sọnù, ìdí nìyẹn tó fi lọ ra fíláàṣì, ìdí nìyẹn tó fi bínú pé kò pé. Mo bi í pé mélòó ni ohùn ìyá àgbà jẹ nínú ohun tó rà. Ó ní mẹ́gà mẹ́ta. Mo ní nínú mọ́kàndínlọ́gọ́ta tí kọ̀ǹpútà fún ọ, ìlọ́po mélòó irú ohùn yẹn ló lè gbà? Ó ṣírò rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún."

Ọ̀kẹ́ kan nìyẹn, ó sì tún ní ènì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ọ̀run ni wọ́n ti ń kà á.

Má lọ bá ẹnikẹ́ni jà ní Òkìtìpupa, Tómi. Àyè tó wà nínú fíláàṣì rẹ ti pọ̀ jù. Ẹyọ ohùn kan ṣoṣo ni mo ní.